Ẹran Tí A Kò Bèèrè Lọ́wọ́ Agbáwo

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán ni. Kì í ṣe oúnjẹ wòlímọ̀, kì í ṣe ti ìsọmọlórúkọ, kì í sì í ṣe sàárà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n jọ fẹ́ jẹun lásán nínú ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ kọ́rì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kàwé tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kí ìrun Àílà tán, ebi ń pa wọ́n, wákàtí kan péré ni wọ́n sì ní kí oníkálukú tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin má ṣe sọ pé èyí kò kan òun. Búkà wà níbi gbogbo, ahọ́n sì wà lẹ́nu gbogbo wa.

Ẹni tí ó bá mọ Lọ́ńdọ́nù dáadáa, ìbáà jẹ́ Peckham ni tàbí Woolwich tàbí Tottenham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, yóò gbà pé ilé kọ́rì kò jìnnà síni níbẹ̀. Àwọn Òyìnbó a máa pè wọ́n ní ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni wọ́n kì í ṣe ará Íńdíà rárá. Bangladesh ni wọ́n ti wá, pàápàá láti agbègbè Sylhet. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ́nù, àwọn mìíràn a bọ́ sílẹ̀, wọn kò sì ní padà sínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n fọ abọ́, wọ́n se oúnjẹ fún ẹlòmíràn, títí àwọn kan fi ní ilé oúnjẹ tiwọn, kí orílẹ̀-èdè Bangladesh fúnra rẹ̀ tó dá dúró ní ọdún 1971. Mùsùlùmí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Kò yani lẹ́nu pé ẹnu àwọn ọmọ wa tètè mọ oúnjẹ wọn. Ata wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀, atalẹ̀ àti aáyù náà wà níbẹ̀. Ata tí wọ́n ń lò àti ata tiwa, ẹbí kan náà ni wọ́n: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e kọjá òkun dé Íńdíà àti etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. (Kọ́rì tí àwọn ìyá wa ń bù sí ọbẹ̀ adìyẹ nílé, ìyẹ̀fun inú agolo ni. Bí ẹ bá lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ alásè ará Sylhet, yóò wò yín lójú; oríṣiríṣi èròjà ni òun ń lọ̀ pọ̀ fún ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan.)

Ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ sí ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó ṣí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ni Sake Dean Mahomed, ọmọ ìlú Patna. Ọdún 1810 ni ó ṣí i ní òpópónà George Street. Nígbà tí ó fi di ọdún 1812, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀sìn Krístì kí ó tó ṣí ilé oúnjẹ náà. A kò sọ èyí láti bú òkú. A sọ ọ́ nítorí pé láti ọjọ́ tí ilé kọ́rì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ni orúkọ Mahomed ti wà lára rẹ̀, orúkọ náà kò sì sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò fún ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti máa ń pín sí méjì lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ọ̀kan rí i pé Ahmed ni orúkọ agbáwo, ó rí àwòrán Káábà lára ògiri, ó jókòó, ó ń jẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Orúkọ kọ́ ni a fi ń dúńbú adìyẹ. Èkejì rí ìgò bíà kan lórí tábìlì Òyìnbó tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ojú ẹsẹ̀ ni ó ti dá ẹjọ́ pé gbogbo ará ilé náà kì í ṣe Mùsùlùmí òdodo, pé òkú ẹran ni wọ́n ń sè, pé ẹ̀tàn ni ìwé hàláàlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Òun náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn méjèèjì jọra ju bí wọ́n ti rò lọ.

Kí Mùsùlùmí bèèrè ni ó tọ́, kí ó sì bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé hàláàlì ni adìyẹ àti àgùntàn yín?" Onílé oúnjẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Yóò sọ ibi tí ó ti ń ra ẹran. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Halal Food Authority ti wà láti ọdún 1994, Halal Monitoring Committee sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Ọ̀nà wọn kò dọ́gba: èkíní fi àyè gba irú ìdákú tí kò pa ẹran kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, èkejì kò gbà á rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bi àwọn àáfà tí ó mọ bí nǹkan ti rí ní ilẹ̀ náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn kan wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a), wọ́n ní àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn a máa gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Ó ní kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun fúnra wọn, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ìyá wa Àíṣá ni ó gba ọ̀rọ̀ náà wá, ó sì wà nínú àkójọ Buhari. Kò rán wọn lọ dúró lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn náà láti máa yọjú wo ọ̀bẹ.

Ti ọtí yàtọ̀. Wọ́n kọ̀ fún wa láti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri. Nítorí náà, bí ilé oúnjẹ méjì bá wà ní òpópónà kan, tí ọ̀kan ń ta ọtí, tí èkejì kò tà á, ẹsẹ̀ Mùsùlùmí mọ ibi tí ó yẹ kí ó yà sí. Ilé kọ́rì tí kì í ta ọtí kò sì ṣọ̀wọ́n ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ́nù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ nípa ẹran, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní dal dùn, ẹja sì wà. (Bí agbáwo tí ó ń tẹ̀lé ọ̀nà Imáàmù Abu Hanifa bá ń ṣe iyèméjì nípa edé, ẹ má bá a jà. Ní ọ̀nà Imáàmù Màlíkì tí àwọn baba wa ń tọ̀, ohun tí ń gbé inú òkun tọ́ fún wa.) Ti ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì ṣe yìgì tí wọ́n wá jókòó síbẹ̀ ní méjì méjì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Wọ́n bèèrè nípa adìyẹ, wọ́n bèèrè nípa òróró, èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ń da wáìnì sínú ọbẹ̀. Agbáwo gbé korma wá fún àbúrò tí kò fẹ́ràn ata, ó gbé ọbẹ̀ àgùntàn tí ó ta dáadáa wá fún ẹ̀gbọ́n, ó gbé ìrẹsì sáàárín wọn, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń pè ní naan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde. Wọ́n ní bísímílláhì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Ní òkèlè kẹta ni ó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbọ́ ti akápò ẹgbẹ́ wa?"

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ó ti ra mọ́tò o."

"Akápò wa yìí? Níbo ló ti rówó?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn."

"Háà. N kò fẹ́ dá sí i o, ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n..."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣọ́ra fún "ṣùgbọ́n" yìí. Kí naan tó tán, wọ́n ti jẹ akápò, wọ́n ti jẹ ìyàwó rẹ̀ àti léèsì tí ó wọ̀ lọ́jọ́ iléyá, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé. Wọ́n ní alihamudulilahi, wọ́n sanwó, wọ́n jáde. Ọkàn wọn balẹ̀ pé hàláàlì ni àwọn jẹ.

Nínú Súrà Hujurati, tí ó jẹ́ Súrà 49, ní áyà 12, Ọlọ́hun kọ nǹkan mẹ́ta fún wa lẹ́ẹ̀kan náà: àbá dídá, ìtọpinpin, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ro ibi sí ènìyàn yóò fẹ́ wá ẹ̀rí. Bí ó bá sì ti rí díẹ̀, kò ní lè pa á mọ́nú. Ẹni tí ó rí ìgò bíà tí ó dá ẹjọ́, àti ẹni tí ó rí mọ́tò tí ó dá ẹjọ́, inú áyà kan ṣoṣo yìí ni Ọlọ́hun ti bá àwọn méjèèjì wí. Lẹ́yìn náà ni Ó bi wá bóyá ẹnì kan nínú wa yóò fẹ́ láti jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ tí ó ti kú. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òkú? Òkú kò mọ̀ pé wọ́n ń gé òun, kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí kò sí nídìí tábìlì.

Ìtàn kan wà tí Anas ọmọ Màlíkì gbà wá, tí onímọ̀ hadíìsì tí wọ́n ń pè ní Ad-Diya Al-Maqdisi kọ sínú àkójọ rẹ̀. Sàhábà méjì ni, wọn kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: Abúbákárì àti Úmárù ni, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí wọn. Wọ́n wà lórí ìrìn-àjò, ọkùnrin kan sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún wọn. Wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n jí, ọkùnrin yìí kò tíì tọ́jú oúnjẹ, ó ṣì ń sùn. Ọ̀kan sọ fún èkejì pé ọkùnrin yìí mà lóorun o. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jí i, wọ́n ní kí ó lọ bá àwọn kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ó sì bá àwọn tọrọ ọbẹ̀. Èsì tí ó gbà bọ̀ ni pé wọ́n ti jẹ ọbẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n dìde lọ bá a, wọ́n ní ọbẹ̀ wo ni àwọn jẹ? Ó ní ẹran ara arákùnrin wọn ni, ó sì búra pé òun ń rí i láàárín eyín wọn. Wọ́n ní kí ó bá àwọn tọrọ àforíjìn. Ó ní ọkùnrin náà ni kí ó bá wọn tọrọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n lò níbẹ̀, ohunkóhun tí a fi ń jẹ búrẹ́dì ni ó ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, kọ́rì gan-an ni. Ẹ sì kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ oorun lásán ni wọ́n sọ. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí owó ẹgbẹ́ níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé ọkùnrin náà sùn.

Òótọ́ yìí ni àwáwí tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa. "Ṣé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn ni?" "Mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀!" Wọ́n ti bi Ànábì wa ní ìbéèrè yìí, ó sì wà nínú àkójọ Múslímù: bí ohun tí a sọ bá wà lára ẹni náà ńkọ́? Ó ní bí ó bá wà lára rẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bí kò bá sí, irọ́ ni a pa mọ́ ọn, ìyẹn sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, jíjẹ́ òótọ́ kò yọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Èyí tí ó tún ń dùn wá jù ni èyí tí àwa ẹlẹ́sìn máa ń ṣe. Imáàmù Ghazali ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé Ihya rẹ̀. A ó fi àdúà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. A ó mí kanlẹ̀, a ó ní kí Ọlọ́hun ṣàánú lágbájá, ìdánwò ni ó bá a. A ó dúpẹ́ pé Ọlọ́hun kò dán àwa wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó tì wá yóò mọ̀ pé lágbájá ti ṣe nǹkan, yóò sì tún rò pé olùbẹ̀rù Ọlọ́hun ni wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàdúà fún arákùnrin rẹ̀ lóòótọ́, orí ìforíkanlẹ̀ ni kí ó ti ṣe é, níbi tí agbáwo kò ti ní gbọ́.

Ṣé a kò wá gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ mọ́ ni? Rárá o. Imáàmù Nawawi ka àwọn ibi mẹ́fà tí a ti lè sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀: lára wọn ni ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí tí ó ń gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè dá a, ẹni tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ láti dá ibi dúró, àti ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ̀. Nígbà tí Fátímà ọmọ Kaisi wá sọ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé Muawiya àti Abu Jahm ń fẹ́ òun, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé èkíní kò lówó, pé èkejì kì í gbé ọ̀pá sílẹ̀ léjìká. Bí àbúrò bá mú ẹ̀gbọ́n wá sí ilé kọ́rì láti bi í nípa ẹni tí ó fẹ́ fún un ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tí ó bá mọ ohun tí ó lè ba ilé jẹ́ tí ó dákẹ́, kò ṣe dáadáa. Kí ó sọ ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ náà gbà, kí ó padà sí ìrẹsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì kò gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ayẹ̀wé-owó-wò, àbúrò kì í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́. Ìwé ìṣirò owó wà lọ́wọ́ akápò, ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì ni láti ní kí wọ́n ṣí ìwé náà. Ohun tí kò yé wa nìyí. Ẹnu tí ó lè bi àlejò tí a kò rí rí léèrè ibi tí ó ti ra adìyẹ, kí ló dé tí kò lè bi arákùnrin tí a jọ ń to sáàfù léèrè bí owó ẹgbẹ́ ti rí? Agbáwo kò bínú. Akápò náà lè má bínú. Bí ó bá tilẹ̀ bínú, ìbínú tí ó wáyé lójú ara ẹni ṣeé parí.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ilé oúnjẹ. Ohun tí ó jẹ́ "wọ́n ní ó ra mọ́tò" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti di "wọ́n ní owó ẹgbẹ́ kò pé" nígbà tí ó fi di ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ń dá owó ilé-kéwú àwọn ọmọdé kò dá a lóṣù náà, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ti jẹ́. Akápò gbọ́ níkẹyìn, bí ó ti máa ń rí. Ó wá sí ìpàdé, ó kó ìwé owó sórí tábìlì, ó bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ. Owó pé. Mọ́tò náà, ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni, òun ni ó yá a kí ó máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé. Ẹgbẹ́ tí ó ń gba yàrá lówó fún ilé-kéwú lọ́jọ́ Sátidé pàdánù yàrá náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó jalè.

Kí ni ẹni tí ó ti jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Kí ó túúbá sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Lórí ẹni tí wọ́n jẹ, àwọn onímọ̀ kan ní kí ó lọ bá a, kí ó tọrọ àforíjìn. Àwọn mìíràn, Ibn Taymiyya sì wà lára wọn, ní bí ẹni náà kò bá tíì gbọ́, kí ó má fi ìròyìn náà dá ọgbẹ́ sí i lára. Kí ó ṣàdúà fún un, kí ó sì sọ dáadáa rẹ̀ níbi tí ó ti bà á jẹ́. Ní ti akápò tí a sọ yìí, ó ti gbọ́. Ìwé àforíjìn kò tó, a-rán-ni-níṣẹ́ kò sì tó. Kí àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sílé rẹ̀, bí Abúbákárì àti Úmárù ti dìde lọ.

Bí ó bá ṣe fún wọn pé ó gbà láti jáde, kí wọ́n mú un lọ sí ilé kọ́rì kan náà ní ọ̀sán. Abu Hurayra gbà á wá lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sì wà nínú àkójọ Buhari àti ti Múslímù, pé oúnjẹ ẹni méjì tó ẹni mẹ́ta. Ibẹ̀ rọrùn fún un, nítorí àárín tábìlì ni wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ sí, kí oníkálukú bù ú. Kí agbáwo fi àga kan àti naan kan kún un. Kí akápò mú ìwé owó dání bí ó bá wù ú, kí ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹun.